Ìyàwó Inú Dígí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè nípa òkun. Mi ò mọ̀ ọ́n. Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, níbi tó jẹ́ pé tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, odindi àdúgbò á máa du omi kànga. Inú fóònù ni mo ti kọ́kọ́ rí òkun láyé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Ẹni tó bá ti sọdá bọ́dà wá, Àgànyìn ni. Àgànyìn sì rèé, etí òkun ni wọ́n bí gbogbo wọn sí, ẹja ni wọ́n fi já wọn lẹ́nu ọmú. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Nígbà tí mò ń kúrò nílé, mi ò tiẹ̀ kà á sí pé òkèèrè ni mò ń lọ. Ṣebí Yorùbá ni mí? Ṣebí ọba tiwa náà ń dé adé? Mo sọ fún ìyá mi pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ni mò ń lọ, kó yé sunkún. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo lọ ra ọṣẹ ní Ìtòkú. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá tó ń tà á, mo ní èló ni. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Àgànyìn, ṣé o máa ń gbọ́ Yorùbá?" Mo ní, "Ìyá, Yorùbá mà ni mo fi kí yín yẹn." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe aládùúgbò rẹ̀ pé kó wá gbọ́ bí Àgànyìn yìí ṣe gbọ́ Yorùbá tó. "O mà gbìyànjú o! Ta ló kọ́ ẹ?"

Ìyá mi ló kọ́ mi, kí n tó hu eyín. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ ìyẹn lójú ọjà? Mo rẹ́rìn-ín, mo gba ọṣẹ mi, ojú sì ń tì mí títí mo fi délé, àfi bíi pé mo jí ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní Ṣàpọ́n. Àlájà ló ni ín. Oníṣòwò àdìrẹ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìtòkú, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ sì ti tú ká lọ sídìí iṣẹ́ wọn. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń fọṣọ, èmi ni mò ń ro láfún, tí àlejò bá dé, èmi náà ni mò ń gbé omi. Mi ò ní purọ́ mọ́ Àlájà o. Kò nà mí rí, kò bú ìyá mi rí, oúnjẹ ò sì wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ife tèmi, mo ní àwo tèmi, mo sì ní yàrá tèmi ní bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń kó ìdì aṣọ tí kò tà sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n má fi ife inú ilé mumi. Mo fi mu ún lọ́jọ́ kan, mo sì rí i bí Àlájà ṣe gbé ife náà lọ sídìí ẹ̀rọ, tó fọ̀ ọ́, tó tún un fọ̀. Èmi náà ò tún fi mu mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá mi máa ń pè. Ìbéèrè rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ. "Ṣé ẹ jọ ń jẹun?" Lójú tiẹ̀, ẹni tó bá ń bá èèyàn jẹun ti gba èèyàn nìyẹn, ẹni tí kò bá ń bá èèyàn jẹun, ó kàn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, a jọ ń jẹun." Ṣé irọ́ ni? Ìkòkò kan náà la ṣáà ti ń bù ú. Lẹ́yìn náà á ní òun ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọ̀dọ̀ ẹbí ni mo wà, pé ìyálé ilé mú mi bí ọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Bọ̀dá Mùfú, àkọ́bí Àlájà tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté l'Ékòó, ló ra àpótí dígí kan fún ìyá rẹ̀. Ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì èèyàn kan. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀, wọ́n da yanrìn funfun sí i, wọ́n to òkúta, wọ́n po iyọ̀ mọ́ omi, wọ́n wá kó ẹja òkun kéékèèké sí i, àwọn pupa tó ní ìlà funfun lára, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń jùdí. Géńdé tó ta ẹja náà fún wọn fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé e wá. Ó béèrè ẹni tó máa máa tọ́jú wọn. Àlájà ò tiẹ̀ rò ó.

"Ṣé Àgànyìn kò sí ńlé ni? Ọmọ etí òkun ni."

Mo ní, "Màmá, Kétu ni mo ti wá. Kò sí òkun ní Kétu."

"Kétu? Ṣebí Bẹ̀nẹ̀ náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, àmọ́..."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ṣàlàyé fún un, á tètè yé e."

Bí mo ṣe di olùtọ́jú ẹja nìyẹn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń po iyọ̀. Mo kọ́ pé omi kànga ò dáa fún wọn, pé omi tí wọ́n sẹ́ dáadáa nìkan ni, la bá ń rà á ní kèègì kèègì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe píọ̀-wọ́tà. Tí wọ́n bá múná lọ, ìnfátà kan wà tó ń tọ́jú iná sílẹ̀ fún ẹja nìkan, lẹ́yìnkùlé tèmi á sì ṣókùnkùn biribiri. Iṣẹ́ yẹn gan-an ò nira. Ohun tó nira ni àlejò. Àlájà á pè mí láti ilé ìdáná, "Àgànyìn, wá sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń gbé nínú òkun." Èmi á nu ọwọ́ mi, màá dúró síbẹ̀, màá máa ṣàlàyé òkun tí mi ò débẹ̀ rí, gbogbo ohun tí mo wò lórí fóònù lálẹ́ àná. Àwọn àlejò á máa mi orí. Mo máa ń wo ilẹ̀ tí mo bá ń sọ ọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyàwó dé. Ọ̀rẹ́ Àlájà kan, Ìyá Kúbúrá, ìyá ẹlẹ́nu mímú kan báyìí, ló ní àwọn ẹja pupa yẹn kéré, pé òun rò pé ẹja yòyò ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Àlájà dọ́kàn. Ó pe ẹlẹ́ja pé kó mú èyí tó tóbi, tó máa ń dán, wá fún òun. Ọmọkùnrin náà gbé e dé nínú ọ̀rá tí omi kún: ẹja kan pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì mọ́ rokoṣo bí ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Gbogbo wa la yanu.

"Háà! Ìyàwó rèé!" ni Àlájà wí. Orúkọ rẹ̀ di Ìyàwó láti ìṣẹ́jú yẹn.

Ẹlẹ́ja ní, "Màmá, ẹ má tíì kó o pọ̀ mọ́ àwọn tó kù o. Ẹ gbé e sínú báàfù lọ́tọ̀ ná, títí á fi tó oṣù kan. A ò mọ̀ bóyá ó kó àìsàn kan wá láti ibi tó ti ń bọ̀."

Àlájà tẹjú mọ́ ọn. "Ìyàwó, nínú báàfù?"

"Lẹ́yìnkùlé ni, Màmá, níbi tó pa rọ́rọ́."

"Ó di èèwọ̀! Ìyàwó tó bá wọ ilé mi, inú ilé ló ń wọ̀. A kì í jẹ́ kí ìyàwó sùn ní ẹ̀yìnkùlé. Kí làwọn èèyàn á wí?" Ó yíjú sí mi. "Àgànyìn, lọ bu omi tútù wá."

Mo bu omi wá nínú igbá. Àlájà ní kí ẹlẹ́ja gbé ọ̀rá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó wá ń da omi sí ìdí ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé ọkọ. Ìyá Kúbúrá, tó ti wá wò ó, ń ki ẹja, "Ìyàwó o, ẹsẹ̀ rẹ á tu ilé lára o!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ Àlájà ò fi ṣeré. Ó da omi náà tán pátápátá kó tó ní kí wọ́n wọlé. Ẹlẹ́ja gbọn orí, ó tú Ìyàwó sáàárín àwọn yòókù.

Èmi di igbá òfìfo mú lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń rántí ọjọ́ tí èmi dé, pé géètì ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé, pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi ni ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Mo bá ara mi wí. Mo ní, ìwọ náà, ìyàwó ta ni ẹ́? Ẹja lo wá ń jowú báyìí? Mo gbé igbá lọ sí ilé ìdáná.

Kò pẹ́ tí mo fi rí àmì funfun kan lára ìyẹ́ Ìyàwó. Mo rò pé yanrìn ni. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti bò ó, àfi bíi pé ẹnì kan wọ́n gààrí sí i lára. Ó ń fi ara ha òkúta, ó ń mí kíákíá, mo ju oúnjẹ sí i, kò wò ó. Lẹ́yìn náà ni ó ran àwọn pupa. Mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan ti kú sẹ́yìn òkúta.

Àlájà dúró tì mí. "Kí lo fún wọn jẹ?"

"Ohun tí mo máa ń fún wọn náà ni, Màmá."

"Ṣé kì í ṣe pé o ti ọwọ́ ọṣẹ bọ inú omi yẹn?"

"Rárá o, Màmá."

Ó wo ọwọ́ mi méjèèjì, kò sì sọ ohun tó ń rò jáde. Ìyá Kúbúrá ló bá a sọ ọ́. "Ẹni tó wá láti etí òkun, tí ẹja òkun wá ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́! Irú Àgànyìn wo lèyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ojú tì mí. Mi ò pe ara mi ní ọmọ etí òkun rí, ẹnu tiwọn ni mo ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ohun tí èèyàn ń fojú rí nílẹ̀ òkèèrè nìyẹn. Wọ́n á dá aṣọ fún ẹ láì wọ̀n ẹ́, tí kò bá bá ẹ mu, ìwọ ni ara rẹ ò dáa.

Ọ̀sán yẹn ni Bọ̀dá Mùfú pè. Àlájà fi fóònù sí sípíkà, ó sì gbàgbé pé mo wà nítòsí.

"Màmi, tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé ẹ̀ jàre. A máa rí ẹlòmíì."

"Màá wò ó tí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí," ni Àlájà wí.

Kí n padà sí Kétu? Tí wọ́n bá bi ìyá mi pé kí ló lé ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí, kí ni yóò wí? Ẹja? Ẹja tí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ní jẹ? Yóò dà bíi pé ó ń purọ́ kiri láti ìgbà tí mo ti lọ. Mo yọ́ lọ sẹ́yìn ògiri, mo pe ẹlẹ́ja fúnra mi.

Ọmọ náà ò bú mi. Ó ṣàlàyé. Ó ní àìsàn náà máa ń já bọ́ lára ẹja sínú yanrìn, á pa ọmọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà á wá gòkè máa wá ẹja tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́. Tí wọn ò bá rí ẹja kankan nínú omi, wọ́n á kú. Nítorí náà, kí n kó gbogbo ẹja kúrò nínú dígí, kí n fi dígí sílẹ̀ ní òfìfo títí ó fi máa tó oṣù méjì. Àwọn ẹja fúnra wọn, kí n kó wọn sínú báàfù tí kò ní òkúta, tí kò ní yanrìn, kí n máa fi oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe sí omi wọn, ìwọ̀n tó yẹ, kó má dín, kó má lé. Kí n gbé wọn jìnnà sí ilé ńlá.

"Ife tó bá kan omi yẹn, Àǹtí, kò gbọdọ̀ kan omi dígí o. Ife tiẹ̀ lọ́tọ̀, síbí tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé wa mọ bí wọ́n ṣe ń ya ife sọ́tọ̀." Kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí mo sọ fún Àlájà pé dígí máa wà ní òfìfo, ó figbe ta. "Nínú pálọ̀ mi?" Ṣùgbọ́n kó tó kírun ọ̀sán tán, pupa mìíràn ti dojú dé. Ó jókòó, ó tú gèlè, ó tún un wé. "Kó wọn lọ sí yàrá rẹ," ló wí.

Ìyẹn ni pé wọ́n gbé báàfù ńlá méjì sínú yàrá mi, ó kù díẹ̀ kó má sí ibi tí mo máa fẹsẹ̀ sí. Bọ̀dá Mùfú rán oníṣẹ́ iná kan tó fa wáyà láti ìdí ìnfátà dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí páǹpù tó ń fún wọn ní afẹ́fẹ́. Ẹlẹ́ja tún ní yàrá náà gbóná jù fún ẹja, Àlájà sì ní kí wọ́n gbé fáànù wá. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwọn ọdún tí mo ti fi ń gbé inú yàrá yẹn, kò gbóná jù fún ẹnikẹ́ni rí. Mo na ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì, afẹ́fẹ́ ẹja ń fẹ́ sí mi lára, iná ẹja ń tàn sí mi lójú, mo sì ń gbádùn ara mi, ojú sì ń tì mí pé mò ń gbádùn ara mi.

Ní pálọ̀, àwọn àlejò ń béèrè ẹja. Àlájà ní wọ́n rin ìrìn-àjò.

"Ẹja?" ni Ìyá Kúbúrá wí.

"Wọ́n lọ gba atẹ́gùn," ni Àlájà dá a lóhùn, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ọjà.

Mo tọ́jú wọn. Mo ń pààrọ̀ omi lójoojúmọ́, mo ń wọn iyọ̀, mo ń wọn oògùn, ọwọ́ mi bó. Ìyàwó ló le jù. Ó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, àwọ̀ ìyeyè yẹn ti ṣá. Mo máa ń jókòó tì í, màá máa bá a sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Kétu, nítorí kò sẹ́ni tó máa fi mí rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo ní, má kú o. Tí o bá kú, àwa méjèèjì la lọ. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí ìyá mi pè, tí mo ní ẹja ni mò ń tọ́jú, ó ní, "O ti ń yan ẹja?" Mo ní rárá, ẹja wíwò ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ẹja wíwò! Ayé yín ní ọ̀hún mà dáa o."

Ní ọjọ́ kan, mo na ewé òkun gbígbẹ tí ẹlẹ́ja fún mi sí Ìyàwó, bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ láì rí nǹkan kan. Ó gbé ara rẹ̀ dìde. Ó wá síbi ìka mi, ó já a jẹ. Ó tún já a jẹ. Mo lọgun. Mi ò mọ ohun tí mo sọ, mo ṣáà mọ̀ pé mo lọgun. Àlájà sáré jáde láti inú ilé láì wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ó kú?"

"Ó jẹun ni, Màmá! Ó jẹun!"

Àlájà ní "Àlùhámúdù líláì," ó wọlé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi. Kò wọ yàrá yẹn rí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Ó wo Ìyàwó títí. Lẹ́yìn náà ló wo àjà, ó wo ìdì aṣọ tó to dé ojú fèrèsé.

"Ibí mà gbóná o."

"Fáànù ti wà báyìí, Màmá."

"Kí fáànù tó wà ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ báàfù, mo ń ṣe bí ẹni ń yọ ìdọ̀tí.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá. Tó bá ti kírun Alásárì tán, màá gbọ́ sálúbàtà rẹ̀. Á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á wo ẹja, á máa sọ̀rọ̀. Ó máa ń gbé ẹ̀pà sísun lọ́wọ́ nínú àwo kan, á gbé e sáàárín wa, a ó sì jọ máa ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi, nínú àwo kan náà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mò ń mú. Nígbà tó di Jímọ̀ tí ìyá mi ní, "Ṣé ẹ jọ ń jẹun?" mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, Ìyá! A jọ ń jẹun!" Ó ní kí ló dé tí mo ń pariwo, òun kò dití.

Inú àwọn ọjọ́ yẹn ni Àlájà sọ fún mi pé ọmọ oko lòun. Wásinmi ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí ilé àwọn oníṣòwò ní Ìtòkú. Àwọn obìnrin ilé ń pè é ní ará oko, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ń rùn ẹ̀gẹ́.

"Kúrùnà wà lára mi nígbà yẹn," ló wí. "Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí wọ́n da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ní kí wọ́n gbé mi gbà. Ó fún mi ní igbá tèmi lọ́tọ̀, ó ní kí àwọn ọmọdé má sún mọ́ mi. Kúrùnà lọ tán lára mi, igbá yẹn ò kúrò lọ́wọ́ mi. O ò lè mọ bó ṣe máa ń rí lára èèyàn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi ò fi gbà á, tí ọmọ yẹn ní kí n fi ìyàwó sí báàfù."

Gbogbo ara mi di etí. Mo rò ó pé ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, èmi ló máa kàn. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tán, ó kù kó wọlé. Mo tiẹ̀ fi àwo ẹ̀pà sílẹ̀ lọ́wọ́.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àgànyìn, jọ̀ọ́, yí fáànù yẹn sọ́dọ̀ Ìyàwó díẹ̀ sí i."

Mo yí i.

Mi ò bínú sí i, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó tún wá ní ọjọ́ kejì, ó tún gbé ẹ̀pà wá, ìyẹn sì tó mi. Ẹni tó bá ti pẹ́ níta, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yáná ná, kí ẹ tó bi í bóyá iná náà tó. Mo ń sọ fún ara mi pé díẹ̀díẹ̀ ni. Mo ń sọ pé nígbà tí ẹja bá yá tán, èmi náà á ti di ẹni tí wọ́n ń wá sọ́dọ̀.

Ẹja yá. Àwọ̀ Ìyàwó padà, ó mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí àsìkò tó, ẹlẹ́ja wá, ó yẹ ara wọn wò, ó ní kò sí nǹkan kan mọ́, ó sì ní, "Àǹtí, ẹ gbìyànjú gan-an. Àwọn mìíràn ì bá ti pa gbogbo wọn tán." A kó wọn padà sí dígí nínú pálọ̀. Àlájà pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní ẹja òun ti ti ìrìn-àjò dé. Bọ̀dá Mùfú kò sọ̀rọ̀ pé kí n máa lọ mọ́. Ó ní kí wọ́n ká wáyà kúrò lẹ́yìnkùlé kó má baà pa ẹnì kan, fáànù sì lọ sí pálọ̀ pẹ̀lú ẹja. Gbogbo ohun tí mo bẹ̀ Ọlọ́run fún ni mo rí gbà. Mo dúró, iṣẹ́ ò bọ́, ìyá mi ò ní jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbá yàrá mi, mo tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ra ẹ̀pà. Mo jókòó. Mo gbọ́ ìrun Alásárì, mo gbọ́ tí wọ́n parí rẹ̀. Mo ń retí sálúbàtà. Ohùn Àlájà ni mo gbọ́ láti pálọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe Ìyàwó lórúkọ. Mo ní bóyá lọ́la. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán fúnra mi. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Kò wá rárá mọ́, kì í sì í ṣe pé ó bínú. Ohun tó ń gbé e wá sí yàrá mi ti kúrò níbẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Èyí ni mi ò lè sọ fún ìyá mi.

Láàárọ̀, kí ilé tó jí tán, mo máa ń lọ dúró níwájú dígí, màá fi ojú sún mọ́ ọn, màá máa wo ara wọn níkọ̀ọ̀kan, láti orí dé ìrù. Mo kọ́kọ́ ń pè é ní ìtọ́jú. Ẹlẹ́ja ṣáà ní kí n máa ṣọ́ wọn. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí nǹkan funfun tín-ín-rín kan níbi ìyẹ́ Ìyàwó, tí àyà mi sì fò sókè. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ayọ̀ ni. Kí n tó mọ̀, mo ti ń ro ibi tí mo máa gbé báàfù sí, mo ti ń ro wáyà, mo ti ń ro ẹ̀pà. Mo fi etí aṣọ mi nu dígí. Funfun náà kúrò. Eruku ni. Ara Ìyàwó ń dán, ó le koko. Inú mi bàjẹ́.

Mo dúró síbẹ̀, ojú ara mi ń tì mí. Ẹja tí mo bẹ̀ pé kó má kú. Ẹja tí mo rí bó ṣe ń ya ẹnu wá èémí. Mo fẹ́ kó tún ṣàìsàn. Mo fẹ́ ẹ gidi. Mo tún fi ojú lé dígí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo èyí tó tẹ̀ lé e.

Mi ò gbọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí. Àlájà àti Ìyá Kúbúrá ti wọlé, àwọn tí wọ́n jọ ń lọ sí ọjà láàárọ̀. Ọwọ́ Àlájà bà mí léjìká.

"Ẹ wò ó, ẹ wò ó," ló ń wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Ojoojúmọ́ ló ń jí wá wò wọ́n báyìí. Kò sẹ́ni tó rán an. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ tí kò bá rí i pé ara wọn yá." Ó tún fi ọwọ́ lù mí léjìká, jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi ni o. Ọmọ mi nìyí."

Mo ti retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí mo ti gba géètì ẹ̀yìn wọlé. Mi ò lè yíjú sẹ́yìn láti gbà á.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ojú mi ò kúrò lára dígí, àfi bíi pé inú rẹ̀ ni mo ti dá a lóhùn.